Àpò irúgbìn 61, orúkọ kan ṣoṣo lára gbogbo wọn: ṣé kí n dà wọ́n pọ̀?

ỌmọAlápò · Ọjọ́ Ajé, 8:47 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, òní ni èmi náà máa kọ́kọ́ la ẹnu.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi sí yàrá ìpamọ́ irúgbìn níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ewé ìṣègùn àti ewé olóòórùn nìkan là ń tọ́jú níbẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi ti fẹ̀yìntì, ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ búlúù kan tí eku ti jẹ igun rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún mi. Nínú fírísà, mo bá àpò 61 tí wọ́n kọ "efinrin, Ocimum gratissimum" sí lára. Gbogbo wọn ló ní nọ́ńbà, àwọn kan ní déètì, àwọn kan kò ní. Òmíràn kún dáadáa, òmíràn kò ju ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé lọ.

Ọ̀gá mi yọjú wò ó, ó ní: "Efinrin kan náà lẹ fi dí gbogbo fírísà báyìí? Ẹ dà á pọ̀ sínú ìgò mẹ́ta ká lè ráyè fún nǹkan mìíràn." Ọjọ́ Ẹtì ló dá fún mi. Ọkàn mi ò gbà á, àmọ́ mi ò rí ohun tí mo lè sọ tó máa yé e. Ṣé lóòótọ́ ni pé efinrin ni efinrin ń jẹ́?

---

Ẹ̀gbọ́nOníkóró · Ọjọ́ Ajé, 9:20 àárọ̀

Àbúrò, má dà wọ́n pọ̀. Jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná, kí ọ̀gá rẹ má baà padà wá kí n tó kọ èyí tó kù.

Ohun tó wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọmọ igi kan pàtó, níbì kan pàtó, lọ́dún kan pàtó. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. Ìbejì tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà, ìwà wọn kì í dọ́gba, áńbọ̀ntórí efinrin ibi 61. Èyí lè fara da ọ̀dá, tọ̀hún lè má jẹ́ kí kòkòrò sún mọ́ òun, òmíràn lè ní ohun kan nínú òróró rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ̀ wò.

Tó o bá sì dà wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Irúgbìn kì í wà títí láé, wàá ní láti gbìn ín padà lọ́jọ́ kan kó o lè rí tuntun. Lọ́jọ́ náà, èyí tó ń yára hù tó sì ń so yanturu máa borí àwọn yòókù nínú ìgò. Gbìn ín lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ìwọ yóò ṣì máa rò pé irúgbìn 61 lo ní, bẹ́ẹ̀ mẹ́rin márùn-ún péré ló kù tí ń dá ṣe bí ọba níbẹ̀. Kò sí ọgbọ́n tí a fi lè yà wọ́n padà.

---

ÌyáOlóròóró · Ọjọ́ Ajé, 11:03 àárọ̀

Èmi ò kàwé àbùdá, imú ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Mò ń sè ewé olóòórùn láti fa òróró rẹ̀ jáde, ó ti lé ní ogún ọdún.

Ìgbà kan wà tí mo gba efinrin lọ́wọ́ ẹni méjì. Ewé wọn jọra, mo kó o pọ̀ sínú ìkòkò kan. Nígbà tí òróró jáde, òórùn rẹ̀ kò tẹ̀ síbì kan. Mo wá sè wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti ẹni àkọ́kọ́, bíi kànáfùrù ló ń ta sánsán sí mi nímú. Ti ẹnì kejì, bí oògùn tí wọ́n fi ń fọ ẹnu. Ẹnì kan tó mọ̀ nípa kẹ́míkà ló sọ fún mi pé eugenol ló pọ̀ nínú àkọ́kọ́, òun náà ló wà nínú kànáfùrù. Thymol ló pọ̀ nínú ìkejì. Efinrin ńlá ni àwọn méjèèjì o, kì í ṣe pé ọ̀kan jẹ́ ayédèrú.

Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ẹni tó ń wá thymol, tí wọ́n fún ní èyí tó kún fún eugenol, oògùn mìíràn ni wọ́n fún un. Orúkọ lára ìgò ò yí ìyẹn padà.

---

ArìnkáIgbó · Ọjọ́ Ajé, 1:35 ọ̀sán

Ìyá wa ti sọ ọ́ tán. Mo kàn fẹ́ fi àpẹẹrẹ kan tì í lẹ́yìn, nítorí òun ló la ojú tèmi.

Thymus vulgaris wà ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ewéko kúkúrú kan tí wọ́n ń fà òróró lára rẹ̀. Fi ojú wò ó, ẹyọ kan ni. Yẹ òróró rẹ̀ wò, oríṣi mẹ́fà ló wà, àbùdá, ìyẹn ohun tí igi jogún, ló sì ń pinnu èyí tí igi kọ̀ọ̀kan máa jẹ́. Méjì nínú wọn, oníthymol àti onícarvacrol, fẹ́ràn ibi tó móoru tó sì gbẹ. Àwọn mẹ́rin yòókù ló ń gbé ibi tí òtútù ti ń mú gan-an. Kòtò ilẹ̀ kan wà nítòsí ìlú Saint-Martin-de-Londres tí atẹ́gùn tútù máa ń rọ̀ sí nígbà ọ̀yẹ́ wọn. Bó o bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lọ sínú kòtò náà, oríṣi tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ á yí padà, bẹ́ẹ̀ o lè má rìn jìnnà rárá.

Wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ ibẹ̀ nígbà kan, pé oríṣi báyìí ló wà níbí, oríṣi báyìí ló wà lọ́hùn-ún. Òtútù ńlá kan ti jà níbẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1956 ṣáájú ìgbà yẹn. Nígbà tí àwọn olùwádìí padà lọ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, tí òtútù líle bẹ́ẹ̀ ti ń ṣọ̀wọ́n, wọ́n rí i pé àwọn tó fẹ́ràn ooru ti ń wọ ibi tí wọn kò sí tẹ́lẹ̀. Ayé ń yí padà, ewéko ń yí padà tẹ̀lé e. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ ló jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ká ní ẹni tó kọ́kọ́ lọ kàn kọ "Thymus vulgaris, gúúsù Faransé" ni, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ì bá parí sí.

---

AwòÀbùdá · Ọjọ́ Ajé, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fara mọ́ ọn pé kó má dà wọ́n pọ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ 61 di òrìṣà. Ó ṣeé ṣe kí ìdajì nínú àpò yẹn jẹ́ ohun kan náà tí wọ́n fún ní nọ́ńbà méjì. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà: ẹnì kan gba irúgbìn níbì kan, ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lára rẹ̀, ọ̀rẹ́ fi ṣọwọ́ sí ibi ìpamọ́ kan náà, ó di àpò méjì.

Mú ewé lára ohun tó bá hù, fi sínú silica gel, àwọn hóró wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun yẹn, kó tètè gbẹ. Kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ka DNA, ohun inú ewé tó gbé àbùdá rẹ̀. Wàá mọ àwọn tó jẹ́ ìbejì, wàá mọ àwọn tó jìnnà síra.

Ìkìlọ̀ kan: ewé olóòórùn máa ń dà yàrá àyẹ̀wò láàmú. Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ bí oògùn náà ló ń lẹ̀ mọ́ DNA tó ń sọ ọ́ di omi aláwọ̀ ilẹ̀ tí ẹ̀rọ kò lè kà. Ewé ọ̀dọ́ ni kó o mú, má mú èyí tó ti gbó.

---

Ẹ̀gbọ́nOníkóró · Ọjọ́ Ajé, 7:52 alẹ́

@AwòÀbùdá òótọ́ lo sọ, àmọ́ DNA kò lè sọ ibi tí àpò ti wá fún un, kò sì lè sọ ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi ewé náà ṣe.

@ỌmọAlápò, kó o tó ronú owó DNA, iṣẹ́ kan wà tí kò ní ná ọ ní kọ́bọ̀. Fa hóró marùn-ún márùn-ún láti inú àpò kọ̀ọ̀kan, fi wọ́n sínú omi lórí àwo funfun, dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Hóró Ocimum basilicum, efinrin wẹ́wẹ́, máa wú, nǹkan kan bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó mọ́ roro á yí i ká bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́. Hóró Ocimum gratissimum kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wo ìrísí wọn pẹ̀lú kó o tó rẹ wọ́n: ti gratissimum rí roboto, ó ní àwọ̀ ilẹ̀, ara rẹ̀ hun, ti basilicum gùn díẹ̀, ó sì dúdú. Má dá èyí tó ti rin padà sínú àpò o! Tó o bá ṣe tán, gbé wọn sórí bébà tútù kó o wò ó bóyá wọ́n á hù.

---

Akọ̀wéÀká · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Kò sẹ́ni tó tíì bèèrè nípa ìwé búlúù yẹn. Èmi lójú tèmi, ìwé yẹn níye lórí ju fírísà lọ. Lónìí yìí, kó o tó fọwọ́ kan irúgbìn kankan, fi fóònù ya àwòrán gbogbo ojú ìwé rẹ̀, èyí tí eku jẹ pẹ̀lú. Fi í ránṣẹ́ síbi méjì.

Lẹ́yìn náà, kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ìlà kan fún àpò kan. Ìlànà kan wà tí àwọn ilé ìpamọ́ irúgbìn káàkiri ayé jọ ń lò, FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti ọ̀gbìn, àti IPGRI (tó wá di Bioversity) ló gbé e jáde lọ́dún 2001, wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2012 àti 2015. Kò le. Nọ́ńbà àpò, orúkọ ewéko, ẹni tó gbà á, ọjọ́ tó gbà á, ibi tó ti gbà á, gíga ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n ní kóòdù fún irú ibi tó ti wá: 10 ni igbó, 20 ni oko, 30 ni ọjà. Èmi fẹ́ràn ìyẹn gan-an, nítorí èyí tí wọ́n rà lọ́jà, ọjà nìkan la lè sọ pé ó ti wá. Ta ló mọ oko tí wọ́n ti já a?

Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Má fi ọgbọ́n orí kún un. Mo ti bá katalọ́ọ̀gì kan pàdé rí tí ẹni tó ń kọ ọ́ fi àdírẹ́sì ọ́fíìsì tiwọn dí gbogbo àyè "ibi tí wọ́n ti gbà á" tó ṣófo. Nígbà tá a gbé e sórí máàpù, bí ẹni pé gbogbo ewéko ayé ló hù nínú ọgbà ọ́fíìsì kan.

Déètì náà bẹ́ẹ̀. Bó o bá mọ ọdún tí o kò mọ oṣù, kọ ọdún, fi òdo sípò oṣù àti ọjọ́. Ìlànà náà gbà á láàyè.

---

SùúrùNi · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:40 àárọ̀

Ẹ dákun, mo ní ìbéèrè kan tí kò ní dùn mọ́ yín. Ta ló máa ka katalọ́ọ̀gì yìí? Ẹ ti kó ibi tí wọ́n ti rí ewé àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe sínú ìwé kan. Ẹ gbé e sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ní owó á kà á, á lọ wú gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, á sì gba ìwé àṣẹ (patent) pé òun ló ṣàwárí rẹ̀. Àwọn tó fi hàn yín ò ní gbọ́ nǹkan kan. Bóyá ẹni tó fi í pamọ́ sínú orí ló gbọ́n jù.

---

ArìnkáIgbó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:28 ọ̀sán

@SùúrùNi ìbẹ̀rù rẹ kì í ṣe àsọdùn. Ẹ wo Prunus africana, igi tí wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ ṣe oògùn fún àwọn ọkùnrin tí kò lè tọ̀ dáadáa. Wọ́n bó o débi pé lọ́dún 1995 wọ́n ní láti fi í sábẹ́ ìṣọ́ òfin òwò àgbáyé CITES. Irú igi bẹ́ẹ̀, mi ò jẹ́ kọ ibi tí mo ti rí i síta ní kíkún. Nínú àkọsílẹ̀ inú ilé, nọ́ńbà GPS wà ní pípé. Nínú èyí tí gbogbo ayé ń rí, mo máa ń gé e kúrú débi pé agbègbè nìkan ló máa hàn.

Ní ti pé kéèyàn fi í pamọ́ sínú orí, mi ò gbà. Ṣó o gbọ́ ọ̀rọ̀ ata ilẹ̀ pupa? Lọ́dún 1995, àwọn kan gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà pé àwọn ló ni lílo ata ilẹ̀ pupa láti wo egbò sàn. Àjọ ìwádìí ìjọba Íńdíà, CSIR, ní kí ọ́fíìsì tó fún wọn ní ìwé àṣẹ náà tún un yẹ̀ wò. Kí ni wọ́n fi jà? Ìwé. Àwọn ìwé àtijọ́ tó ti sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú nípa ìwé àṣẹ. Wọ́n fagi lé e lọ́dún 1997. Ká ní inú orí nìkan ló wà ńkọ́?

---

SùúrùNi · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:02 ọ̀sán

Íńdíà ní agbẹjọ́rò. Ìyá arúgbó tó fi ewé hàn yín ò ní.

---

Akọ̀wéÀká · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:17 ọ̀sán

Ó ká mi lẹ́nu, @SùúrùNi. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí, kò sì tíì tó: irúgbìn wà nínú fáìlì kan, ohun tí àwọn èèyàn ń fi ewé náà ṣe wà nínú fáìlì mìíràn, ẹni tó bá sọ ọ́ ló sì máa pinnu bóyá ìkejì á jáde síta tàbí kò ní jáde. Mo ń kọ orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, ọjọ́ tó fọwọ́ sí i, àti ohun tó ní kí a má ṣe. Àdéhùn àgbáyé Nagoya ti ọdún 2010, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá 2014, gbà pé kéèyàn kọ́kọ́ gba àṣẹ, kí wọ́n sì jọ pín èrè. Àdéhùn mìíràn tí FAO ní fún ohun ọ̀gbìn, tó mú kí pípààrọ̀ irúgbìn rọrùn, irúgbìn oúnjẹ àti koríko ẹran ló wà nínú ìwé rẹ̀, efinrin kò sí níbẹ̀. Nítorí náà ẹni tó ń tọ́jú ewé ìṣègùn ní wàhálà ìwé ju ẹni tó ń tọ́jú ìrẹsì lọ. Àbúrò, wo inú ìwé búlúù bóyá ìwé kankan wà tó fi hàn pé wọ́n gba àṣẹ kí wọ́n tó kó irúgbìn.

---

ỌmọAlápò · Ọjọ́rú, 5:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n.

Mo ṣe ohun tí Ẹ̀gbọ́n ní kí n ṣe. Mo to àwo kékeré 61 sórí tábìlì, mo kọ nọ́ńbà sábẹ́ wọn. Ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, àwo kẹrìnlá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Nǹkan funfun kan yọ lára hóró dúdú, ó ń fẹ̀, títí ó fi dà bí ojú ẹja. Mo pe ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kó wá wò ó. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, àwo 7 ló ti wú pátápátá. Àwo méjì tún wà tí hóró mélòó kan wú tí àwọn yòókù ò wú. 52 ló dúró bó ṣe wà.

Èyí túmọ̀ sí pé àpò méje kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sí i lára rárá, méjì sì ti dàpọ̀ kí n tó dé. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo àwo kẹrìnlá fún ìgbà pípẹ́, ó ní: "Ká ní a ti dà á sínú ìgò mẹ́ta ńkọ́?" Mi ò dá a lóhùn. Ó sún ọjọ́ Ẹtì síwájú.

Àmọ́ ó ṣì ń bèèrè bí a ṣe máa ráyè. Fírísà ò kúkú lè gùn sí i.

---

AwòÀbùdá · Ọjọ́rú, 8:30 alẹ́

O ṣe é! Fún àwọn tó lè máa rò pé kí ló burú nínú efinrin méjì tó dàpọ̀, ẹ jẹ́ n sọ ti Bẹ́ljíọ̀mù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ibì kan níbẹ̀ ń fún àwọn obìnrin ní oògùn tí wọ́n fi ń fọn. Ewé ilẹ̀ Ṣáínà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ fangji ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, Stephania tetrandra. Ewé mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní fangji bákan náà, Aristolochia fangchi, òun ló sì bọ́ sínú rẹ̀. Májèlé kíndìnrín ni. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tí kíndìnrín wọn bà jẹ́, àwọn kan nínú wọn tún ní àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn náà. Orúkọ kan tó ń jẹ́ ti ewé méjì ló fà á.

Nítorí náà, àpò 52 tó kù náà, má tíì búra fún wọn. Omi kò lè fi gbogbo nǹkan hàn. Bí wọ́n bá hù tí wọ́n sì tanná, ká ẹ̀ka kan tó ní òdòdó, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láàárín bébà kó gbẹ, kọ nọ́ńbà àpò sí i. Ẹ̀ka gbígbẹ yẹn ni ẹlẹ́rìí rẹ. Bí àríyànjiyàn bá dé lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí bí àwọn onímọ̀ bá yí orúkọ ewé náà padà, ẹ̀ka yẹn la máa lọ wò.

Ní ti àyè: ohun tí ọ̀gá rẹ ń wá ní orúkọ, core collection ni wọ́n ń pè é. Otto Frankel, onímọ̀ àbùdá ohun ọ̀gbìn, ló dá a lábàá lọ́dún 1984. Nínú gbogbo ohun tó o ní, ṣa díẹ̀ tó lè ṣojú fún gbogbo wọn, bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Tó o bá ṣà á dáadáa, ìṣirò wọn ni pé ó lè gbé bí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àbùdá gbogbo wọn. Àwọn yẹn ni wàá máa gbìn, tí wàá máa pín fún olùwádìí. Àwọn yòókù á máa sùn nínú fírísà.

---

ÌyáOlóròóró · Ọjọ́rú, 9:11 alẹ́

Ìdá ọgbọ̀n tó kù ńkọ́? Ibẹ̀ lèyí tí mò ń wá máa ń wà.

---

AwòÀbùdá · Ọjọ́rú, 9:14 alẹ́

Ẹ̀rín pa mí o, Ìyá. Ìdí nìyẹn tí a ò fi ní kó da ìyókù nù.

---

Ẹ̀gbọ́nOníkóró · Ọjọ́bọ̀, 6:40 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ àyè kò le tó bẹ́ẹ̀. Hóró efinrin kéré, àpò ló gba ilẹ̀. Kúrò nínú ike, lo báàgì aláwọ̀ fàdákà tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú iná, tò wọ́n ní ìdúró bí ìwé. 61 máa wọ inú páálí bàtà kan.

Ohun tó ń já mi láyà ni ọ̀rinrin. Ṣé wọ́n gbẹ dáadáa kí wọ́n tó wọ fírísà? Òfin àtijọ́ kan wà tí gbogbo onírúgbìn mọ̀: bí ọ̀rinrin inú hóró bá dín pẹ̀lú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ọjọ́ ayé rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Bí ooru ibi ìpamọ́ bá lọ sílẹ̀ pẹ̀lú bíi digírì márùn-ún, á tún di ìlọ́po méjì. Ìlànà FAO ti ọdún 2014 ní kí a gbẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀ níbi tútù tí atẹ́gùn rẹ̀ gbẹ, láàárín digírì 5 sí 20, kí a wá tọ́jú wọn sí digírì 18 nísàlẹ̀ òdo (-18°C). Oòrùn kọ́ o! Mo mọ ẹni tó sá irúgbìn sórí páànù lọ́sàn-án gangan. Èmi ni.

Àwọn kan wà tí gbígbẹ ń pa, hóró wọn gbọ́dọ̀ rin títí. Àwọn kan kì í sábà so hóró, bí ata ilẹ̀ pupa. Àwọn yẹn, inú oko là ń tọ́jú wọn, tàbí inú ìgò ní yàrá àyẹ̀wò. Ọpẹ́ ni pé efinrin kì í ṣe alágídí bẹ́ẹ̀.

Má gbàgbé ẹ̀dà. Pín àpò kọ̀ọ̀kan sí méjì, wá ilé ìpamọ́ mìíràn tó jìnnà gbé ọ̀kan fún. Ilé irúgbìn Svalbard ní Nọ́wè, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2008, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe: ẹni tó bá kó irúgbìn wá ló ṣì ni ín, wọn kì í tú àpótí rẹ̀. Àmọ́ kò dìgbà tó o bá dé Nọ́wè. Ìjàǹbá iná kan ṣoṣo ti tó láti pa gbogbo ohun tó o ní.

---

ArìnkáIgbó · Ọjọ́bọ̀, 8:05 àárọ̀

Kí n fi èyí kún un. Àpò tí hóró inú rẹ̀ kò pọ̀ tí ìwé sì sọ ibi tí wọ́n ti gbà á, lọ síbẹ̀ wò bóyá wọ́n ṣì wà. Fírísà ń dá àkókò dúró. Efinrin tó wà nínú igbó ṣì ń bá kòkòrò àti ọ̀dá jà, ó ń kọ́ ọgbọ́n tuntun lọ́dọọdún.

Bó o bá dé ibẹ̀, má já lára igi méjì kó o máa bọ̀. Igi 30 ó kéré tán, àádọ́ta sàn jù, káàkiri gbogbo ibẹ̀, má ṣojúsàájú èyí tó rẹwà. Bí irú àbùdá kan bá jẹ́ 5% péré nínú àwùjọ náà, igi 30 tó ń gba lẹ́búlẹ́bú òdòdó lára ara wọn máa fún ọ ní àǹfààní tó lé ní 95% láti bá a pàdé. Má sì kó ju ìdá kan nínú márùn-ún hóró tó gbó lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ fẹ́ jẹ nínú rẹ̀.

---

ỌmọAlápò · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 10:22 àárọ̀

Mo ti dé. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́, iṣẹ́ ló gbé mi mì.

Gbogbo ìwé búlúù ti wọ kọ̀ǹpútà. 44 nínú 61 ló ní ibi tí wọ́n ti gbà á. Mọ́kàndínlógún wá láti ọjà, @Akọ̀wéÀká, mo fi 30 sí gbogbo wọn, n kò fi ọgbọ́n orí kún un. Méje tó wú nínú omi ti gba orúkọ tuntun, mo fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn méjì tó dàpọ̀, mo kọ "ó dàpọ̀" sí wọn lára. Ìwé pé wọ́n gba àṣẹ kò sí fún èyíkéyìí, nítorí náà kò sí ohun tó máa jáde síta báyìí. @SùúrùNi, ìyẹn tìẹ ni.

Ọ̀gá ti gbà kí á ṣa mẹ́jọ fún gbígbìn, kí ìyókù máa sùn. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ra báàgì aláwọ̀ fàdákà.

Èyí tó kù tó ń dà mí láàmú ni àpò 38. Hóró mọ́kànlá péré ló kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn èyí tí mo rẹ, eku sì ti jẹ ìlà rẹ̀ nínú ìwé. Mo wá nọ́ńbà baba tó fẹ̀yìntì, mo pè wọ́n. Mo ní "nọ́ńbà 38," wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní: "Ìdí àpáta, létí odò. Igi mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀. Òórùn rẹ̀ dà bí ti òdòdó róòsì, n kò rí irú rẹ̀ mọ́." Wọ́n ní wọ́n ti kọ́lé sórí ibẹ̀.

Nínú márùn-ún tí mo rẹ, mẹ́rin ti hù lórí bébà. Wọ́n ti yọ ewé méjì méjì. Kí ni kí n ṣe sí wọn?

---

Ẹ̀gbọ́nOníkóró · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:31 àárọ̀

Gbé wọn sínú ìkòkò mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lónìí, kí gbòǹgbò wọn tó lẹ̀ mọ́ bébà. Má fọwọ́ kan mọ́kànlá tó wà nínú fírísà. Bí mẹ́rin yìí bá ti fẹ́ tanná, fi àwọ̀n tí oyin kò lè gbà kọjá bo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kí lẹ́búlẹ́bú efinrin mìíràn má baà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìwọ fúnra rẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbé e láti òdòdó èyí lọ sí ti èyí, ní àárọ̀, lójoojúmọ́. Gba hóró igi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Gé ẹ̀ka lára igi kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, rì í mọ́lẹ̀ kó ta gbòǹgbò, bí ọ̀kan bá kú wàá ṣì ní in.

Pe baba yẹn padà, kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí, fi déètì òní sí i.

---

ÌyáOlóròóró · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:58 àárọ̀

Òórùn róòsì ni geraniol. Tó bá ga tó ìka mẹ́rin, já ewé kan, rún un lọ́wọ́, kó o sọ ohun tó o gbọ́ fún mi. Mò ń dúró.

---

ỌmọAlápò · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:36 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n ti wà nínú ìkòkò. 38-1, 38-2, 38-3, 38-4. Ẹ̀kẹta tẹ̀ díẹ̀, mo fi igi tín-ín-rín tì í. Baba ní àwọn máa fúnra wọn wá wò wọ́n lọ́jọ́ Ajé.